Rọ́bà Imú Tinúolúwa

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán ní Igbona, ní Òṣogbo, tí Dúróoríkẹ́ ti fún ọyàn sínú ife, tó ti fi ìdí sìríǹjì bọ ẹnu rọ́bà, tó sì ń da wàrà sí i díẹ̀díẹ̀ kó lè máa sọ̀ kalẹ̀ sínú ikùn ọmọ rẹ̀. Oṣù méje ni Tinúolúwa. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ihò imú rẹ̀ wọlé, ó lọ títí dé ikùn, wọ́n sì fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ ń gbà. Ọ̀nà ọ̀fun ọmọ náà kò lágbára láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ohun tó bá gba ẹnu wọlé, ẹ̀dọ̀fóró ló ń yà sí, dókítà sì ti sọ ọ́ láìfi bò pé ohun tó lè gbẹ̀mí rẹ̀ nìyẹn.

Rọ́bà náà ti gbó. Ó yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ láti ijẹta. Ọsibítù tó dá wọn sílẹ̀ pé kí wọ́n máa tọ́jú ọmọ nílé ní àwọn ò ní irú tó kéré bẹ́ẹ̀ mọ́, kí ìyá ọmọ lọ wá a. Dúróoríkẹ́ wá a yí Òṣogbo po, èyí tó tóbi, tí wọ́n ń fi sí àgbàlagbà nímú, nìkan ló rí. Kẹ́míìsì kan ní Iléṣà, lẹ́bàá ọjà Àtàkúmọ̀sà, ló wá ní òun ní mẹ́ta péré, kó tètè wá kí ẹlòmíì tó rà á. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kan náà tí wọ́n ń wa wúrà nínú rẹ̀ ní Itagunmodi tọ̀sán-tòru ni abiyamọ ń wọkọ̀ lọ nítorí rọ́bà tí kò nípọn tó okùn bàtà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dun èèyàn, ta ni yóò sọ fún?

"Bàbá Tinú, ẹ dìde, kí n tún fi hàn yín lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ."

Bọ̀wálé, ọkọ rẹ̀, wà lórí ẹní, ó ń tẹ fóònù. Sẹkitéríàtì ìjọba ló ń ṣiṣẹ́, ó sì ti gbàyè ọjọ́ kan nítorí ìrìnàjò yìí.

"Mo mọ̀ ọ́n," ó ní.

"Ẹ ò ṣe é rí."

"Ṣebí mò ń rí ẹ lójoojúmọ́? Kí ló wà ńbẹ̀? Da wàrà sí i, gbé e sókè. Máa lọ jàre, kí oòrùn má pa ẹ́ lójú ọ̀nà."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dá wọn sílẹ̀ ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì pe ìyá àti bàbá pé kí wọ́n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ lóúnjẹ. Bọ̀wálé ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dáhùn ìpè kan lẹ́nu ọ̀nà. Ìpè náà ò tán títí tí nọ́ọ̀sì fi kọ́ ìyá ọmọ tán, tí ó sì palẹ̀ mọ́. Ní Sunday tó kọjá, ìjọ dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Bọ̀wálé nínú ṣọ́ọ̀ṣì pé ó ń fara dà á, pé ọkùnrin mìíràn ìbá ti sá fi wọ́n sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń fún ọyàn.

Màmá Ìpetu, ìyá Bọ̀wálé, jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo rọ́bà náà bí ẹni ń wo ejò nínú ilé. Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ló ti wá, ijẹta ló dé pẹ̀lú iṣu àti ògì tó fọwọ́ ara rẹ̀ sẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbààwẹ̀ fún ọmọ yìí kó tó gbéra. Ọmọ méje ló tọ́, gbogbo wọn ló gbé lé itan rọ lẹ́kọ, kò sì sí èyí tó kú níbẹ̀.

"Ọmọ oṣù méje," ó ní, Ìjẹ̀ṣà hàn kedere lẹ́nu rẹ̀. "Kò mọ uyọ̀, kò mọ adùn. Umú ni ẹ fi ń bọ́ ọmọ! Ùyà mà rè é o."

Dúróoríkẹ́ kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Wàrà aago mẹ́sàn-án wà nínú fíláàsì, mo ti kó yìnyín yí i ká. Bàbá rẹ̀ ni yóò fún un. Kò gbọdọ̀ fẹnu jẹ nǹkankan. Omi pàápàá, kò gbọdọ̀ kán sí i lẹ́nu."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Olúwa á ṣíwájú ẹ."

Nínú àgbàlá, Nọ́síràtù tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Kàósárà ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Ó kí Dúróoríkẹ́, ó sì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìyá Tinú, ẹ ti rù o. Ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ràn yín ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ọmọ míì wà tó jẹ́ pé ó kàn wá wo ayé ni. Bó bá ń wù ú láti padà, ẹ jẹ́ kó máa lọ, kí ẹ̀yin náà sinmi."

Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá ni wò ó. Yàrá mẹ́wàá ló wà nílé yìí. Wọ́n ń wo Tinúolúwa lóòótọ́, wọ́n ń wò ó láti ojú fèrèsé, wọ́n ń pe rọ́bà rẹ̀ ní okùn, wọ́n sì ń fa àwọn ọmọ wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó lè ràn wọ́n. Inú bí Dúróoríkẹ́ gan-an. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Kàósárà," ó sì jáde lọ sí garéèjì.

Aago mẹ́jọ lù, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà kẹ́míìsì ní Iléṣà. Wọn ò tíì ṣí i. Ó jókòó sórí pèpéle, ó ń ka àwọn tó ń kọjá lọ sọ́jà. Aago mẹ́sàn-án lù. Ọyàn rẹ̀ kún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán, torí àkókò oúnjẹ ọmọ ti tó. Ó pe Bọ̀wálé kó lè bi í bóyá ó ti fún un. Fóònù náà dún títí, kò gbé e. Ó tún pè. Kò gbé e.

Nígbà tí ẹni tó ni kẹ́míìsì dé, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti lù. Ó tọrọ àforíjì, ó ní òun lọ sí ìsìn òwúrọ̀. Ó tú páálí mẹ́rin kó tó rí àwọn rọ́bà náà, mẹ́ta gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀. Dúróoríkẹ́ ń na owó sí i ni fóònù dún. Ìyá Kàósárà ni.

"Ìyá Tinú, níbo lẹ wà?"

"Iléṣà. Kí ló dé?"

"Ẹ máa bọ̀. Ẹ má dúró gba ṣéńjì. Wọ́n ti yọ nǹkan imú ọmọ yín. Wọ́n ti rọ ọ́ lẹ́kọ. Ó ń mí hàn-ùn hàn-ùn, ètè rẹ̀ ti ń dúdú."

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níbí. Ó dúró."

Dúróoríkẹ́ ti ń sáré lójú títì kó tó pe ọkọ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Bọ̀wálé gbé e. Dúróoríkẹ́ gbọ́ ohùn Màmá Ìpetu tó ń ké pe Jésù lẹ́yìn.

"Má pariwo," Bọ̀wálé ní. "Ó kàn ń wúkọ́ ni. Màmá ti ń gbàdúrà sí i."

"Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù!"

"Mo ní kí n dúró dè ẹ́ ná. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe máa ń bá wọn sọ̀rọ̀."

Dúróoríkẹ́ pa fóònù. Ọmọ rẹ̀ ń kú lọ, ẹni tó bí i ń dúró de ẹni tí yóò bá dókítà sọ̀rọ̀. Ó tún pe Ìyá Kàósárà.

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Bí Mọ́ṣúdù ilé wa ò bá tíì gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde lónìí, ẹ ní kó gbé yín lọ. Ẹ gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ wọn."

"Mo ti gbà á," Ìyá Kàósárà ní. Ariwo kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń dún níbẹ̀. "Ó wà láyà mi. Mọ́ṣúdù, wa ọkọ̀, má wo ihò!"

Ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá sí Òṣogbo ò tíì kún, awakọ̀ sì ní òun ò ní gbéra. Dúróoríkẹ́ ní òun ra gbogbo ààyè tó kù. Awakọ̀ wo iwájú aṣọ rẹ̀ tó ti tutù, ó wo ojú rẹ̀, ó sì tan ọkọ̀. Títí wọ́n fi kọjá Ìbòkun, Dúróoríkẹ́ kò gbàdúrà. Ó gbìyànjú, ọ̀rọ̀ kan ò wá. Ohun tó ń wá sí i lọ́kàn ni ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ọwọ́ ńlá tó ti rọ ọmọ méje lẹ́kọ, bó ṣe bo ẹnu Tinúolúwa.

Ìyá Kàósárà ló kọ́kọ́ rí ní ọsibítù, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀kọ ti gbẹ mọ́ híjáàbù rẹ̀.

"Ó ń mí," ó ní kí ẹlòmíì tó sọ ohunkóhun. "Wọ́n ti gbé e wọlé. Ó ń mí, Ìyá Tinú."

Obìnrin tó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ máa lọ láàárọ̀ ló gbé e sáyà wá síbí. Dúróoríkẹ́ fọwọ́ kàn án léjìká, ó sì kọjá lọ.

Bọ̀wálé àti Màmá Ìpetu jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bọ̀wálé dìde kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Dúróoríkẹ́, mi ò sí ńbẹ̀," ó ní. "Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mò ń pọn omi. Kí n tó wọlé, Màmá ti ṣe é."

Màmá Ìpetu gbé ojú sókè, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó tún gbé e sílẹ̀.

"Màmá." Dúróoríkẹ́ dúró gbọnin níwájú rẹ̀. "Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ yín láàárọ̀. Àbí n kò kúnlẹ̀? Mo ní omi pàápàá kò gbọdọ̀ kán sí i lẹ́nu. Ẹ ní ẹ gbọ́. Ṣé ó dìgbà tí mo bá sin ọmọ mi kí ẹ tó gbà pé àìsàn ló ń ṣe é? Ọmọ méje tí ẹ tọ́, ṣé wọ́n ní kí ẹ fi ti èmi san án ni?"

"Háà!" obìnrin kan tó gbé ọmọ tirẹ̀ pọ̀n ké láti ìdí ògiri. "Ìyàwó, ìyá ọkọ ẹ mà ni!"

"Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀!" Dúróoríkẹ́ jágbe mọ́ ọn. Màmá Ìpetu kàn ń fi etí ìró rẹ̀ nu ọwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì tó jáde wá jẹ́ ọkùnrin kúkúrú onírùngbọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Béjidé. Ó ní àwọn ti fa ẹ̀kọ tó pọ̀ jáde lọ́nà ọ̀fun ọmọ, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sì ti wà nímú rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ń pọ́n padà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ díẹ̀ ti dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹnikẹ́ni ò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà.

"A nílò rọ́bà mìíràn fún un," ó ní. "A ò sì ní. Ẹ ó lọ rà á."

Dúróoríkẹ́ na mẹ́ta sí i. Béjidé wo àwọn ọ̀rá náà, ó wo Dúróoríkẹ́, ó sì mi orí.

"Dókítà fẹ́ mọ bí ẹ̀kọ náà ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe wọlé," ó ní. "Ta ló rọ ọmọ?"

"Èmi ni," Màmá Ìpetu dáhùn.

"Ó jà?"

"Ó jà gan-an."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ dì í mú?"

Bọ̀wálé wúkọ́. Ìyá rẹ̀ ò wò ó. Ojú Dúróoríkẹ́ ló ń wò.

"Mi ò lágbára bẹ́ẹ̀ mọ́," ó ní. "Bọ̀wálé ló bá mi di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Òun náà ló yọ rọ́bà, torí ẹ̀rù ń bà mí láti fọwọ́ kàn án. Ó ti gbìyànjú láti fún un ní wàrà yẹn, ó ń dà sórí bẹ́ẹ̀dì, inú bá bí i. Ó ní, Màmá, ẹ bá mi rọ nǹkan fún ọmọ yìí jàre. Mo ní ìyá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ fẹnu jẹ. Ó ní ta ni baálé? Mi ò ní parọ́, inú mi dùn. Mo ní lónìí, ọmọ mi á tọ́ oúnjẹ wò. Ó sì tọ́ ọ wò, ó fi ahọ́n lá a. Kí n tó rọ ìkejì ni ojú rẹ̀ yí."

Ó bú sẹ́kún. Arúgbó náà sunkún bí ọmọdé.

Gbogbo ariwo tí Dúróoríkẹ́ rí pa mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, kò rí ẹyọ kan fún ọkọ. Ó wò ó títí tí ọkùnrin náà fi gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"O dì í mú," ó ní.

"Wàrà yẹn ò lọ! Mo ṣe é, kò lọ. Ọmọ ń ké. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Mo pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́."

"Kí n wá sọ pé kí ni? Pé mi ò mọ̀ ọ́n?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ oṣù méje nìyẹn. Ẹ̀kọ kọ́, okùn kọ́, ẹ̀mí burúkú tí wọ́n ń lé kiri nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà kọ́. Ọkùnrin kan ni kò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ò mọ nǹkan kan. Ìyá Kàósárà tó ti wọlé wá dúró lẹ́yìn yí ojú sí ìta.

"Gbogbo ọ̀nà láti Iléṣà ni mo fi ń bá Màmá jà lọ́kàn mi," Dúróoríkẹ́ ní. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìró tirẹ̀ nu ojú ìyá ọkọ rẹ̀. Kò sọ pé kó má bínú. Òun náà ṣì ń bínú, ìbínú tòótọ́ sì ni.

Ó di ìrọ̀lẹ́ kí dókítà tó ní èémí ọmọ ti wálẹ̀, kí wọ́n gbìyànjú wàrà díẹ̀ wò. Béjidé ti fi rọ́bà tuntun sí i. Dúróoríkẹ́ fún ọyàn sínú ife mímọ́ kan, ó sì gbé e síwájú ọkọ rẹ̀.

"Kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ṣe tòní," Bọ̀wálé ní. "Ara mi ò balẹ̀."

"Ẹ fọ ọwọ́ yín, sà," Béjidé ní. "Mi ò lè dá ọmọ yìí padà sílé tí ẹnì kan ṣoṣo mọ bó ṣe ń jẹun."

Bọ̀wálé fọ ọwọ́. Béjidé fi hàn án bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò pé ikùn ni ìdí rọ́bà wà lóòótọ́, bí wọ́n ṣe ń yọ ọ̀pá inú sìríǹjì kí wọ́n tó fi bọ ẹnu rọ́bà. Ohun tí kò ṣe láàárọ̀ nìyẹn. Ìgbà tó kọ́kọ́ dà á, wàrà dà sí i lọ́wọ́. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì ríbi nù ún.

"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran," ìyá rẹ̀ sọ láti orí àga. "Wo ohun tí ò ń ṣe."

Ó tún un ṣe. Wàrà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Tinúolúwa la ojú, ó wo ẹni tó gbé nǹkan dání lókè orí rẹ̀, kò ké. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, ìdá kan nínú mẹ́rin wàrà náà ò tíì lọ. Ọwọ́ Bọ̀wálé bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Màmá Ìpetu dìde, ó na ọwọ́ láti gbà á.

"Màmá, ẹ jókòó," Dúróoríkẹ́ ní. Màmá jókòó.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Bọ̀wálé fẹ́ fi ìgúnpá ti irin bẹ́ẹ̀dì, wàrà dúró, ó tún ní láti gbé e sókè.

"Ọwọ́ ń ro mí," ó ní.

"Mo mọ̀," Dúróoríkẹ́ dáhùn. Kò na ọwọ́ gbà á.